Kí O Tó Ra Agolo Mílìkì Àkọ́kọ́

Ọmọ mi, kò sí ìyá tuntun kan tí kì í bi wá pé, "Mà, mílìkì wo ló dáa jù fún ọmọ?" Á ti bi aládùúgbò, á ti bi oníkẹ́míìsì, á ti pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù, kálukú á sì ti dárúkọ tiẹ̀ fún un. Ìdáhùn tèmi kò ní orúkọ ilé iṣẹ́ kankan nínú. Mílìkì tó dáa fún ọmọ rẹ ni èyí tó bá ọjọ́ orí rẹ̀ mu, tí NAFDAC fọwọ́ sí, tí apá yín sì ká láti máa rà láìdín ṣíbí kan kù títí ọmọ á fi pé ọdún kan. Ohun tó kù, ọwọ́ ẹni tó ń pò ó ló wà: omi rẹ̀, ìgò rẹ̀, ìwọ̀n tó ń lò. Ọjọ́ pẹ́ tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì agbẹ̀bí nílùú Ìbàdàn. Mi ò rí ọmọ tí wọ́n gbé wá torí pé agolo tí ìyá rẹ̀ rà kò lórúkọ. Àwọn tí omi ìdọ̀tí àti mílìkì tí wọ́n bomi là ti sọ di egungun, mo rí wọn lọ́pọ̀lọpọ̀, ìdí nìyẹn tí mo fi ń bá ọ sọ ọ̀rọ̀ yìí.

Ká tó dé ọ̀dọ̀ agolo, ó yẹ kí n kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ ọyàn. Àjọ Ìlera Àgbáyé àti UNICEF sọ pé kí ìyá fún ọmọ ní ọyàn nìkan fún oṣù 6 àkọ́kọ́, láìfi omi sí i, láìfi àgbo sí i, kó sì máa fún un lọ pẹ̀lú oúnjẹ mìíràn títí á fi pé ọdún 2 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nínú ìwádìí tí ìjọba ṣe káàkiri Nàìjíríà ní 2018, ọmọ 29 péré nínú 100 tí kò tíì pé oṣù 6 ni wọ́n ń fún ní ọyàn nìkan. Kì í ṣe pé àwọn ìyá yòókù kò lọ́yàn. Omi ni ọ̀pọ̀ wọn ń fi sí i, torí àgbà ilé tó ní òùngbẹ ń gbẹ ọmọ. Omi tó wà nínú ọyàn tó ọmọ, kódà nínú ooru ẹ̀ẹ̀rùn wa yìí. Omi ọyàn àkọ́kọ́ sì ń kọ́, èyí tó ki, tó pupa rẹ́súrẹ́sú, tí àwọn kan máa ń fún dànù pé ó ti bàjẹ́? Òun gan-an ló kún fún ohun tó ń bá ọmọ gbógun ti àrùn. Kò tíì sí ilé iṣẹ́ tó rí i ṣe sínú agolo.

Ẹkún ọmọ ló máa ń lé ọ̀pọ̀ ìyá dé ìdí agolo láìnídìí. Ọmọ ké lóru, wọ́n ní, "Ọmọ yìí ò yó, ọyàn ẹ ò lómi," ilẹ̀ mọ́, bàbá ọmọ gba kẹ́míìsì lọ. Bẹ́ẹ̀ ooru lè máa mú ọmọ, ìlédìí rẹ̀ lè ti tutù, inú lè máa kùn ún, ó sì lè jẹ́ pé ó kàn fẹ́ kí wọ́n gbé òun ni. Bí o bá fẹ́ mọ̀ bóyá ó ń yó, ìlédìí ni kí o wò. Bí ọmọ bá ti lé ní ọjọ́ 5, tó ń tọ̀ tó ẹ̀ẹ̀mẹfà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lójúmọ́, tí ìwọ̀n rẹ̀ sì ti padà sí ti ọjọ́ tí o bí i nígbà tó fi máa pé ọ̀sẹ̀ 2, oúnjẹ ń wọlé. Mímu tí ọmọ ń mu ọyàn ló ń mú omi wá sínú rẹ̀; bí o bá fi ìgò rọ́pò, ọyàn á dín omi kù. Àwọn kan máa ń fún ọmọ ní ìgò kan ṣoṣo lálẹ́ kí àwọn lè rí oorun sùn, kí oṣù tó parí, agolo ti gba gbogbo rẹ̀ lọ́wọ́ wọn. Bí o bá rò pé omi ọyàn rẹ kò tó, ọ̀dọ̀ nọ́ọ̀sì ni kí o kọ́kọ́ lọ, kó wo bí ọmọ ṣe ń gbá ọyàn mú lẹ́nu. Ibẹ̀ ni nǹkan ti máa ń wọ́ jù.

Síbẹ̀, àwọn kan wà tí agolo di dandan fún. Ìyá mìíràn ti lọ níbi ìkúnlẹ̀, ọmọ wà lọ́wọ́ ìyá àgbà. Òmíràn ń lo oògùn jẹjẹrẹ. Òmíràn gba ọmọ tọ́. Àwa Yorùbá wà lára àwọn tó ń bí ìbejì jù lágbàáyé, ẹ bi àwọn ará Igbó-Ọrà. Ọ̀pọ̀ ìyá ìbejì ló ń fún àwọn méjèèjì lọ́yàn tí wọ́n ń yó, ṣùgbọ́n àwọn kan wà tí ara wọn ò gbé e, pàápàá bí àwọn ọmọ bá dé ṣáájú àkókò. Iṣẹ́ ọ̀gá tún wà níbẹ̀. Bí ó bá kàn ọ́, má gbà kí ẹnikẹ́ni fi ojú rẹ gbolẹ̀. Ìyá tó po mílìkì tó mọ́, tó pé ìwọ̀n, tó gbé ọmọ mọ́ àyà fún un mu, ìyá gidi ni. Èébú tí àwọn ará ilé máa ń bú irú ìyá bẹ́ẹ̀ máa ń dùn mí wọra, torí ẹni tí wọ́n dójú tì kì í béèrè ọ̀rọ̀ mọ́, àìbéèrè ló sì ń jẹ́ kí wọ́n máa pò ó lódì nínú yàrá níkọ̀kọ̀.

Ẹni tó ní kòkòrò HIV, gbọ́ tìrẹ lọ́tọ̀. Nígbà kan, ìmọ̀ràn tí wọ́n ń fún ọ̀pọ̀ yín ni pé kí ẹ má dé ìdí ọyàn rárá. Lónìí, ìlànà Nàìjíríà ni pé kí ìyá tó ń lo oògùn rẹ̀ déédéé fún ọmọ ní ọyàn nìkan fún oṣù 6. Má ṣe dá ìpinnu yẹn ṣe nílé nítorí ìbẹ̀rù. Ilé ìwòsàn tó ń fún ọ lóògùn ni kó bá ọ dá sí i.

Ó dáa, agolo ló kàn. Má jẹ́ kí ìpolówó bá ọ yàn. Ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́ nílẹ̀, ó sì kan ìlú wa. Dókítà Derrick Jelliffe, tó ti ṣiṣẹ́ ní Ìbàdàn, tó sì tẹ àpilẹ̀kọ jáde ní 1953 lórí bí àwọn Yorùbá ìlú náà ṣe ń bọ́ ọmọ ọwọ́, wà lára àwọn tó pariwo lẹ́yìn náà pé ìtajà mílìkì ń sọ ọmọ tálákà di aláìlókun. Ní 1974, ẹgbẹ́ War on Want ní Ìlú Ọba tẹ ìwé pẹlẹbẹ kan tí wọ́n pè ní The Baby Killer. Ní 1977, àwọn ará Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀ láti ra ọjà Nestlé. Ohun tí wọ́n ń bínú sí kò ta kókó. Àwọn ilé iṣẹ́ ń ta mílìkì fún ìyá tí omi rẹ̀ kò mọ́, tí kò lè ka ohun tó wà lára agolo, tí owó rẹ̀ kò sì ká agolo kejì. Ó bomi là á kó lè pẹ́, ọmọ rù, ìgbẹ́ gbuuru dé. Ní oṣù karùn-ún 1981, àwọn orílẹ̀-èdè kó ara wọn jọ ní Àjọ Ìlera Àgbáyé, wọ́n dìbò lórí ìlànà ìtajà mílìkì ọmọ: 118 gbà, 3 ò dá sí i, Amẹ́ríkà nìkan ló kọ̀. Ìlànà náà ní kí wọ́n má polówó rẹ̀ fáráyé, kí wọ́n má fún ìyá ní agolo ọ̀fẹ́, kí wọ́n má sì ya àwòrán ọmọ jọ̀lọ̀ sára agolo. Nàìjíríà fi ṣe òfin tirẹ̀ ní 1990, NAFDAC ló ń mójú tó o. Nítorí náà, bí ẹnì kan bá fún ọ ní agolo ọ̀fẹ́ ní ilé ìgbẹ̀bí, tàbí tí òṣìṣẹ́ ìlera kan kọ orúkọ mílìkì kan ṣoṣo fún ọ nígbà tí àìsàn kankan ò ṣe ọmọ, ọjà ni wọ́n ń tà fún ọ. Mo fẹ́ kí o mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ pé èyí tó wọ́n jù ló dáa jù, mú un kúrò lọ́kàn. Ìlànà kan wà lágbàáyé tí wọ́n ń pè ní Codex, tó sọ ohun tí mílìkì ọmọ ọwọ́ gbọ́dọ̀ ní: purotéènì rẹ̀, ọ̀rá rẹ̀, irin rẹ̀, fítámì rẹ̀, pé mílílítà 100 rẹ̀ gbọ́dọ̀ fún ọmọ ní kàlórì tó wà láàárín 60 sí 70. Ti olówó ńlá ò gbọdọ̀ kéré sí èyí, ti olówó kékeré náà ò gbọdọ̀ kéré sí i. Ní oṣù kejì 2025, àjọ tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ ìfigagbága ọjà ní Ìlú Ọba gbé àbọ̀ ìwádìí rẹ̀ jáde pé ọ̀pọ̀ òbí ń ra mílìkì tó wọ́n nítorí pé wọ́n rò pé ó sàn jù, nígbà tó jẹ́ pé gbogbo èyí tó wà lórí àtẹ níbẹ̀ ló tó ọmọ bọ́. Níbí náà, ilé iṣẹ́ kan náà lè máa ṣe agolo tó wọ́n àti èyí tó rọjú. Nestlé ló ń ṣe NAN, òun ló ń ṣe Lactogen, ọwọ́ rẹ̀ sì ni SMA bọ́ sí ní 2012. Ọ̀rọ̀ "Gold" àti "Premium" tó wà níwájú agolo, ọ̀rọ̀ ọjà ni.

Jẹ́ ká wọ ṣọ́ọ̀bù pọ̀. Gbé agolo náà dání, kí o kọ́kọ́ wá nọ́ńbà ńlá tó wà níwájú rẹ̀. 1 ni ti ọmọ tuntun dé oṣù 6. 2 ni ti ọmọ tó ti lé ní oṣù 6. 3 ni ti ẹni tó ti pé ọdún kan. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni kí bàbá ọmọ sáré ra nọ́ńbà 2 fún ọmọ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta torí òun ló wà nílẹ̀ lọ́jọ́ náà. Kíndìnrín ọmọ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kò tíì gbó tó bẹ́ẹ̀. Nọ́ńbà 1 ní tirẹ̀ lè gbé ọmọ dé ọdún kan láìyí padà. Ẹni tó bá ní dandan ni kó o bọ́ sí 2, ọjà ló ń polówó. Lẹ́yìn ìyẹn, yí agolo náà po, wá nọ́ńbà NAFDAC. Wo ìdí rẹ̀, ka ọjọ́ tó máa gbó, má jẹ́ kí ọlọ́jà bá ọ kà á. Fi ọwọ́ ra ojú ibi tí wọ́n ti so agolo pọ̀: èyí tó ti wú, tó ti dípẹtà, tàbí tó ti tẹ̀ wọnú lójú ibi tí wọ́n ti dè é, dá a padà. Nílé, nígbà tí o bá ṣí ìdérí rẹ̀, bébà fàdákà tó wà lábẹ́ gbọ́dọ̀ wà láìya. Olójú kì í la ojú rẹ̀ sílẹ̀ kí tàlùbọ̀ yí wọ̀ ọ́.

Má ra mílìkì ọmọ tí wọ́n ń wọ̀n sínú ọ̀rá, bó ti wù kí ọlọ́jà búra tó. Kò sí ẹni tó mọ̀ bóyá ti ọmọ ọwọ́ ni tàbí ti àgbàlagbà, bóyá ó ti gbó, bóyá wọ́n ti po nǹkan mọ́ ọn. Ní China ní 2008, àwọn tó ń ta wàrà bomi là á, wọ́n wá da kẹ́míkà tí wọ́n ń pè ní melamine sí i kó lè dà bíi pé purotéènì rẹ̀ pé nígbà tí wọ́n bá yẹ̀ ẹ́ wò. Ọmọ tó tó 300,000 ló ṣàìsàn, 6 kú. Bí èyí bá lè ṣẹlẹ̀ nínú agolo tó ní orúkọ, kí ni ká ti wí nípa ọ̀rá tí kò lórúkọ? Mílìkì tí à ń dà sí tíì náà, ti inú agolo kékeré àti ti ìyẹ̀fun, kì í ṣe oúnjẹ ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan. Iyọ̀ rẹ̀ pọ̀ jù fún un, irin rẹ̀ kò sì tó.

Mílìkì àkànṣe wà, èyí tí wọ́n fi sóyà ṣe, èyí tí wọ́n ti fọ́ purotéènì rẹ̀ sí wẹ́wẹ́ fún ọmọ tí wàrà màálù ń bá jà, èyí tó wà fún ọmọ tó dé ṣáájú àkókò. Dókítà ló ń ní kí ẹ lò wọ́n, kì í ṣe ọ̀rẹ́. Ti ewúrẹ́ kò ran ọmọ tí wàrà màálù ń bá jà lọ́wọ́, torí purotéènì méjèèjì jọra. Bí ọmọ bá kàn ń pọ̀ díẹ̀ lẹ́yìn oúnjẹ, tó sì ń sanra, fi í sílẹ̀. Àwọn ìyá tó ń pààrọ̀ mílìkì lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, wọn kì í fún inú ọmọ láyè kó mọ èyí tó ń gbà.

Ìwọ bàbá ọmọ, mú bírò, ibi tó kàn ọ́ jù la dé yìí. Ọmọ tó wọn kílò 5 máa ń mu nǹkan bíi mílílítà 750 lójúmọ́, tí a bá ṣírò mílílítà 150 fún kílò kọ̀ọ̀kan. Ìyẹn jẹ́ ṣíbí 25 nínú mílìkì tí ṣíbí kan rẹ̀ ń lọ pẹ̀lú mílílítà 30. Bó bá jẹ́ pé mílìkì nìkan ló ń mu, agolo gíráàmù 400 kò ní ju nǹkan bí ọjọ́ 4 lọ. Agolo 7 sí 8 nìyẹn lóṣù, ọmọ náà sì ń dàgbà. Lọ béèrè iye agolo kan lọ́jà lónìí, sọ ọ́ di mẹ́jọ, kí o wá gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ owó oṣù rẹ, owó ilé, owó ọkọ̀ àti oúnjẹ ìyá ọmọ. Mílìkì tí owó rẹ̀ kò bá mì ọ́ ni kí o yàn láti ìbẹ̀rẹ̀. Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Ẹni tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú èyí tó wọ́n jù nítorí ojú ayé, tí owó wá tán ní oṣù kejì, ṣíbí ló máa ń dín kù. Ọmọ á mu ún, á dákẹ́, wọ́n á rò pé ó yó. Omi ló kún inú rẹ̀. Ara rẹ̀ á máa fà sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀. Bí omi náà bá pọ̀ jù, iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ á lọ sílẹ̀, gìrì lè mú un. Bí owó bá wọ́n gan-an, bọ́ sí mílìkì tó rọjú, kí o sì pò ó pé. Sọ fún ìyàwó rẹ pé owó ò sí, má jẹ́ kó máa dá ọgbọ́n fún ara rẹ̀ nídìí agolo.

Ẹ̀yin tí àwọn ẹ̀gbọ́n yín ń fi agolo ránṣẹ́ láti òkè òkun, ẹ gbọ́ èyí dáadáa. Ṣíbí inú agolo Ìlú Ọba sábà máa ń lọ pẹ̀lú mílílítà 30 omi. Ti Amẹ́ríkà, irú Similac àti Enfamil, ṣíbí kan fún mílílítà 60. Bí o bá kó ṣíbí Lọ́ńdọ̀nù sínú agolo Amẹ́ríkà, tàbí tó o ń fi ìlànà agolo tó tán po agolo tuntun, o lè sọ oúnjẹ ọmọ di ìdajì tàbí ìlọ́po méjì láìmọ̀. Ṣíbí agolo kan kò gbọdọ̀ wọ inú agolo mìíràn. Ohun tí wọ́n kọ sára agolo tó wà lọ́wọ́ rẹ ni kí o tẹ̀ lé, bí ó bá sì jẹ́ èdè tí ẹnikẹ́ni ò lè kà nílé ni wọ́n fi kọ ọ́, má lò ó.

Wàyí o, pípò. Ìyẹ̀fun mílìkì kì í bọ́ lọ́wọ́ kòkòrò pátápátá, bó ti wù kí ilé iṣẹ́ mọ́ tó. Kòkòrò kan wà tó ń jẹ́ Cronobacter; ó ṣọ̀wọ́n, àmọ́ ó lè pa ọmọ tuntun. Ní 2022, Abbott tó ń ṣe mílìkì ọmọ ti ilé iṣẹ́ rẹ̀ ní Sturgis, ní ìpínlẹ̀ Michigan, fún ìgbà díẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n rí kòkòrò yìí nínú ọgbà rẹ̀, mílìkì ọmọ sì di ohun àwátì jákèjádò Amẹ́ríkà. Ìdí nìyẹn tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fi ní kí omi tí a ó fi pò ó má tutù ju ìwọ̀n 70 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Omi tó gbóná tó bẹ́ẹ̀ ló ń pa kòkòrò inú ìyẹ̀fun. Àwọn tó ń fi omi tó lọ́ wọ́ọ́wọ́ pò ó torí kí ọmọ lè tètè mu ún, wọ́n ń pèsè ibùgbé fún kòkòrò ni.

Fi ọṣẹ fọ ọwọ́. Fi ọṣẹ àti búrọ́ọ̀ṣì fọ inú ìgò, orí rẹ̀, àti ibi tí wọ́n ti ń lọ́ ọ dé, torí ibẹ̀ ni mílìkì àná ti ń fara pamọ́. Kó gbogbo rẹ̀ sínú ìkòkò, kí omi bò wọ́n mọ́lẹ̀, kí ó hó fún ìṣẹ́jú 10. Omi tí o máa fi po mílìkì, ìbáà ṣe ti kànga, ti ẹ̀rọ, tàbí píọ́ wọ́tà inú ọ̀rá, sè é títí á fi hó. Bí o bá sọ ọ́ kalẹ̀, má jẹ́ kó ju ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lọ kí o tó lò ó. Lóru, tàbí bí iná kò bá sí, rọ omi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hó kún fúláàsì tó dáa, dé e pinpin. Á ṣì gbóná tó fún wákàtí mélòó kan. Omi ni kó kọ́kọ́ wọ inú ìgò, kí o gbé ìgò sórí tábìlì, kí o wo ìlà rẹ̀ ní ojú kan náà. Lẹ́yìn náà ni ìyẹ̀fun. Bu ṣíbí, fi ẹ̀yìn ọ̀bẹ tó mọ́ gé orí rẹ̀ kó tẹ́jú. Má tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, má jẹ́ kó gogoro. Ka ṣíbí sókè, kí ẹnikẹ́ni má bá ọ sọ̀rọ̀ nígbà tó o bá ń kà. Dé e, gbọ̀n ọ́n, gbé ìgò náà sínú abọ́ omi tútù kó tutù, kí o wá kán díẹ̀ sí ọrùn ọwọ́ rẹ. Kó lọ́ wọ́ọ́wọ́ ni, kó má jó ọ.

Po èyí tí ọmọ máa mu lẹ́ẹ̀kan. Bí o bá ti pò ó tán tó wà níta fún wákàtí 2, dà á nù. Bí ọmọ bá ti fi ẹnu kàn án, wákàtí kan péré ló ní. Ó máa ń dun ìyá láti da mílìkì olówó iyebíye nù, mo mọ̀, ṣùgbọ́n owó ọsibítù ju owó ìdajì ìgò lọ. Bí agolo náà bá ti ṣí, kó má ju bí oṣù kan lọ, kí o kọ ọjọ́ tó o ṣí i sára rẹ̀.

Bí ìgò bá ṣòro fún ọ láti máa sè, fi kọ́ọ̀bù kékeré tó mọ́ fún un mu. Ọmọ tuntun lè fi ẹnu lá a díẹ̀díẹ̀ láti etí kọ́ọ̀bù, kọ́ọ̀bù kò sì ní kọ̀rọ̀ tí kòkòrò ń sá sí. Gbé e sókè díẹ̀ sí apá rẹ, wo ojú rẹ̀, jẹ́ kó sinmi láàárín, kó gùnfẹ̀. Má fi ìrọ̀rí gbé ìgò tì í lẹ́nu kí o lọ dáná. Mílìkì lè sá gba ọ̀nà èémí rẹ̀. Bó bá yí orí kúrò, ó yó, má rọ ọ́. Má da ògì sínú ìgò kó lè sùn pẹ́, má fi ṣúgà tàbí glucose sí i. Oyin kò gbọdọ̀ kan ẹnu rẹ̀ títí á fi pé ọdún kan, nítorí kòkòrò kan wà nínú rẹ̀ tó ń dá ara ọmọ ọwọ́ dúró. Mo bẹ àwọn ìyá àgbà ẹlẹgbẹ́ mi náà: ẹ jẹ́ ká fi àgbo sílẹ̀ fún ọmọ tí kò tíì pé oṣù 6. Ìfẹ́ ló ń sún wa ṣe é, àmọ́ ikùn ọmọ ò tíì gbó.

Ìwọ tó ń padà síbi iṣẹ́, má gbà pé dandan ni kí iṣẹ́ pa ọyàn tì. Òfin iṣẹ́ Nàìjíríà fún ìyá tó ń tọ́mọ ní ààbọ̀ wákàtí lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ láàárín iṣẹ́ láti fún ọmọ lọ́yàn. Ọ̀pọ̀ ọ̀gá kì í sọ ọ́, béèrè rẹ̀. O lè fún ọyàn sínú kọ́ọ̀bù tó mọ́ kí o tó jáde. Bí ilé kò bá móoru jù, á wà dáadáa fún wákàtí 4, kí agolo wá dí èyí tó bá kù. Ọyàn òwúrọ̀ àti ti alẹ́ ṣì lè jẹ́ tìrẹ, o sì lè fi bẹ́ẹ̀ dín owó agolo kù lóṣooṣù.

Máa gbé e lọ wọ̀n ní ilé ìwòsàn bí wọ́n ṣe dá ọjọ́ fún ọ, torí ìlà inú káàdì rẹ̀ kì í purọ́ nípa mílìkì. Bí ọmọ bá kọ̀ láti mu ohunkóhun, bó bá ń bì gbogbo rẹ̀ sókè, bí ìgbẹ́ gbuuru bá mú un tàbí o rí ẹ̀jẹ̀ nínú ìgbẹ́ rẹ̀, bí àwùjẹ rẹ̀ bá rì wọlé, bí ìlédìí bá gbẹ fún wákàtí 6, bí ara rẹ̀ bá gbóná nígbà tí kò tíì pé oṣù 3, tàbí gìrì mú un, gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lálẹ́ ọjọ́ náà gan-an. Má dúró kí ilẹ̀ mọ́, má sì kọ́kọ́ pààrọ̀ mílìkì wò. Mú agolo náà dání lọ, pẹ̀lú ṣíbí tó wà nínú rẹ̀, kí dókítà lè rí ohun tí ọmọ ń mu àti ìwọ̀n tí ẹ fi ń pò ó.